Àwọn Tí Wọ́n Ní Kí Wọ́n Ṣì Dúró Ná

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2020, lẹ́tà kan jáde láti ọ́fíìsì àwọn tó ń darí ètò ìlera NHS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé gbogbo ọsibítù tó wà lábẹ́ wọn. Simon Stevens tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àti Amanda Pritchard tó ń mójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n buwọ́ lù ú. Lẹ́tà náà gùn, ó kún fún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ tí ń báni mí, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ní àrùn kòrónà rárá: gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún, tí kì í ṣe ti kánjúkánjú, kí wọ́n dá a dúró, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Bẹ́ẹ̀dì 30,000 ni wọ́n ń wá nínú nǹkan bíi 100,000 tí wọ́n ní. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà níbẹ̀, gba àwọn ọsibítù tiwọn náà nímọ̀ràn kan náà.

Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílé àwọn tó ti ń ka ọjọ́. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún fún, ọkùnrin tí ìpá ń yọ lẹ́nu, tíṣà tó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè bá a yọ òkúta inú àpò òróòro rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́: ẹ máà bínú, ẹ ṣì ní sùúrù, a óò pè yín padà. Ẹni tó pè wọ́n gan-an kò mọ ìgbà tí òun yóò pè padà.

Ẹni tó bá fẹ́ dá àwọn tó pa àṣẹ yìí lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí bí oṣù yẹn ṣe rí. Ní Lombardy, lórílẹ̀-èdè Ítálì, àwọn ọsibítù ti kún àkúnya. Ẹ̀rọ tí dókítà akunnilóorun fi ń báni mí nínú tíátà ṣeé lò fún aláìsàn kòrónà. Àwọn nọ́ọ̀sì tíátà ni wọ́n lè tètè kọ́ ní iṣẹ́ ICU, ìyẹn ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Yàrá tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ojú rẹ̀ tó dá, ló rọrùn jù lọ láti sọ di ICU. Ta ni kò ní kó wọn lọ síbi tí iná ń jó?

Ewu wà fún aláìsàn náà pẹ̀lú. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ẹgbẹ́ olùwádìí CovidSurg, tí ojúkò rẹ̀ wà ní Yunifásítì Birmingham, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Àwọn aláìsàn 1,128 ni wọ́n wò, ní ọsibítù 235, ní orílẹ̀-èdè 24, àwọn tí wọ́n bá kòrónà lára wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ tàbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó tó 24 tó kú láàárín oṣù kan. Ó lé ní ìdajì wọn tí ìṣòro èémí bá. Ta ni yóò wá gbé ìyá ẹni àádọ́rin ọdún lọ sínú irú ewu bẹ́ẹ̀ nítorí orúnkún?

Nítorí náà, àṣẹ yẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àìsàn àwọn èèyàn wọ̀nyí náà gbọ́ àṣẹ, tó sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹgbẹ́ CovidSurg yìí kan náà ló gbìyànjú láti mọ bí ohun tó dúró ti pọ̀ tó. Ìṣirò wọn ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí ọwọ́jà àrùn náà le jù, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sún síwájú tàbí tí wọ́n fagi lé káàkiri ayé yóò lé ní mílíọ̀nù 28. Ìṣirò ni o, kì í ṣe ohun tí wọ́n kà ní oókan-èjì. Ṣùgbọ́n kódà kí ó jẹ́ ìdajì rẹ̀, ẹ̀rù ń bani. Nínú mílíọ̀nù 28 yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó jẹ́ ti jẹjẹrẹ. Wọ́n tún ṣírò pé bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, yóò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 45 kí wọ́n tó lè kó èyí tó ti ṣẹ́ jọ kúrò nílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ọ̀sán àti òru ti dọ́gba fún láti oṣù Kẹta ni wọ́n fẹ́ kó fi ìdá ogún kún iṣẹ́ wọn.

Ní oṣù Kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ní UK ṣe ìlànà kan tó pín àwọn aláìsàn sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Ti ìsọ̀rí kìíní kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Ìkejì, oṣù kan. Ìkẹta, oṣù mẹ́ta. Àwọn tó lè dúró ju oṣù mẹ́ta lọ ló wà ní ìkẹrin. Ìsọ̀rí kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń retí ìgbáròkó, orúnkún, ìpá àti ojú bọ́ sí. Ìlànà náà mọ́gbọ́n dání, ó sì gba ẹ̀mí là. Àfi pé ẹni tó wà ní ìsọ̀rí kẹrin lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún kan, ìwé kò sì ní mọ̀ àyàfi tí ẹnì kan bá tún pè é, kó bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Ìgbáròkó ni ká fi ṣàpẹẹrẹ. Làkúrègbé ti jẹ ohun yíyọ̀ tó bo orí eegun tán, eegun wá ń họ eegun. Ní oṣù àkọ́kọ́, onítọ̀hún á ṣì máa rọra gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó bá di oṣù kẹta, á sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ sí pálọ̀. Bí kò bá rìn, iṣan itan á máa joro, ara á máa sanra, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà níkàáwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Kò ní lè sùn, nítorí ìrora òru kì í jẹ́ kéèyàn yí ara padà. Oògùn ìrora tó ń lò, bó bá jẹ́ irú ti ibuprofen, lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Bó bá jẹ́ èyí tó le, ti ìran morphine, ìgbẹ́ á máa há a, orí á máa yí i, ó lè ṣubú, ó sì lè di ohun tí kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá pè é wọ tíátà, kì í ṣe ẹni tí dókítà rí nígbà àkọ́kọ́ ni yóò dé síbẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ abẹ bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, eegun ti bàjẹ́ sí i, iṣan tí yóò gbé oríkèé àtọwọ́dá náà ró sì ti rọ.

Àwọn dókítà eegun kan ní Edinburgh ti ń wọn ìyà yìí kí kòrónà tó dé. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní EQ-5D: ó ń béèrè nípa rírìn, ìtọ́jú ara ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora àti ìdààmú ọkàn. Láti inú ìdáhùn ni wọ́n ti ń mú máàkì jáde. Ìlera pípé jẹ́ 1, ikú jẹ́ òdo. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá wá sí abẹ́ òdo, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ipò tó wà burú ju ikú lọ lójú ìwọ̀n yẹn. Kí àjàkálẹ̀ àrùn tó dé, 19 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń retí ìgbáròkó tuntun ló wà nírú ipò bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àjàkálẹ̀ àrùn ní ọsibítù mẹ́wàá ní UK bá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti orúnkún gòkè láti 12 sí nǹkan bíi 22. Àìsàn tí kì í pani ni gbogbo ayé ń pe làkúrègbé.

Ti ìpá yàtọ̀. Oṣù lè gorí oṣù kí ó má ju kókó kan tó ń yọ jáde téèyàn bá wúkọ́, tó sì ń padà wọlé téèyàn bá dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìfun bá há sí ojú ihò yẹn tí kò lè padà, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, láàárín wákàtí mélòó kan ìfun lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ì bá fi nǹkan bíi wákàtí kan ṣe láàárọ̀, kí onítọ̀hún lọ sùn sílé rẹ̀, á di pàjáwìrì òru tí wọ́n á ti gé ìfun. Òkúta inú òróòro náà lè ṣe irú eléyìí: ó lè dí ọ̀nà, kí ó fa ibà pọ́njú àti àìsàn tó lágbára.

Obìnrin tó ní fibroid, tí àwọn àgbà ń pè ní ìju, kì í sábà dúró de pàjáwìrì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà, lóṣooṣù, púpọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ á mú kí ó máa mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, kí ó sì máa rò pé ó ti rẹ òun lásán ni. Tí wọ́n bá wá pè é fún iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wá fún un, ní àkókò tí àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kò jáde nílé. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni fibroid ń yọ lẹ́nu jù lọ, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Obìnrin Yorùbá kan ní Peckham, ní London, àti àbúrò rẹ̀ ní Mushin, l'Ékòó, lè ní ìju kan náà lọ́dún kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé orúkọ ọ̀kan wà nínú ìwé àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ.

Ọmọdé ni ìdádúró ń ṣe ní ibi tí kò ní àtúnṣe. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kataráàtì, tí lẹ́ǹsì inú ẹyinjú rẹ̀ ti di funfun, nílò iṣẹ́ abẹ láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran. Bí àkókò ẹ̀kọ́ yẹn bá kọjá, wọ́n lè yọ lẹ́ǹsì tó funfun náà kúrò tó mọ́ tónítóní, ọmọ náà kò sì ní ríran dáadáa títí ayé. Àgbàlagbà tó ní kataráàtì ṣì lè ríran padà ní tirẹ̀, bí kò bá ti ṣubú lọ́nà balùwẹ̀ kó ṣẹ́ egungun itan kí wọ́n tó pè é.

Jẹjẹrẹ ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, òun sì ni wọ́n gbìyànjú jù láti dáàbò bò. Síbẹ̀, ìwádìí CovidSurg tó tọpa àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ 20,006 ní orílẹ̀-èdè 61 rí i pé níbi tí òfin kónílé-ó-gbélé ti le pátápátá, ẹnì kan nínú méje kò rí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣètò fún un ṣe. Níbi tí òfin ti fúyẹ́, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ìwé ìròyìn BMJ gbé iṣẹ́ kan jáde tó kó ìwádìí 34 pọ̀, tí àwọn aláìsàn inú wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi sún síwájú, ewu ikú ń fi 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ga. Kì í ṣe pé èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kú. Ewu tó ti wà nílẹ̀ ló ń fi ìwọ̀n yẹn pọ̀ sí i. Wọ́n ní bí gbogbo obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní UK bá fi ọ̀sẹ̀ 12 dúró de iṣẹ́ abẹ láàárín ọdún kan, ikú bíi 1,400 ni yóò kún ti tẹ́lẹ̀.

Kò sí ìrọ̀lẹ́ kankan lọ́dún yẹn tí wọ́n ka àwọn wọ̀nyí lórí tẹlifíṣọ̀n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mínísítà ń jáde nírọ̀lẹ́ láti sọ iye tó kó kòrónà àti iye tó kú. Ní Nàìjíríà, NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ń gbé tirẹ̀ jáde lálaalẹ́, ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, àwọn èèyàn sì ń dúró dè é bí ẹni ń retí àbájáde bọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò lè dìde lórí àga mọ́ kò sí nínú iye kankan.

Ní ilé wa níbí, ọ̀nà mìíràn ni ìdádúró gbà wọlé. Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020. Láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí wọ oṣù Keje. Ẹni tó ń gbé ní Ìlọrin tí dókítà rẹ̀ wà ní ọsibítù UCH, n'Ìbàdàn, di ẹni tó ń na káàdì ọsibítù sí ọlọ́pàá lójú títì. Láàárín èyí náà ni ẹgbẹ́ NARD, ti àwọn dókítà tó ń gba ìmọ̀ kún ìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́sẹ̀ kan ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, nítorí àjẹmọ́nú ewu àti ohun èlò tí wọ́n á fi dáàbò bo ara wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. Oṣù méjì gbáko! Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń jà fún, kò sí ẹni tó lè fi iṣẹ́ dókítà tí kò ní ìbọ̀wọ́ ṣeré. Aláìsàn tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sáàárín oṣù méjì yẹn ló tún padà sílé.

Owó tún wà níbẹ̀. Ó lé ní àádọ́rin náírà nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí Nàìjíríà ń ná lórí ìlera tó ń jáde látinú àpò aláìsàn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ọjà pa, owó tí ìyá kan ti ń dá sínú èésú fún iṣẹ́ abẹ di owó gàrí. Nígbà tí tíátà wá ṣí, òun kò ní owó àsansílẹ̀ mọ́. Àwọn tó lówó láti lọ ṣe tiwọn ní India náà há sílé fún ìgbà díẹ̀, nítorí bàálù òkè òkun kò gbéra láti ìparí oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ bí ọsibítù tó wà ládùúgbò wọn ṣe rí.

Ṣùgbọ́n iye wọn ni kò hàn. Ìjọba kì í gbé ìwé jáde lóṣooṣù tó ń sọ pé báyìí ni iye àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ, báyìí ni iye tó ti dúró ju ọdún kan lọ. Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ tí The Lancet gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ ti sọ pé bílíọ̀nù márùn-ún èèyàn láyé ni kò ní àǹfààní sí iṣẹ́ abẹ tó dájú, tí apá wọn ká. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ìdádúró ti wà kí kòrónà tó dé, kò sì lọ nígbà tó lọ. Ìwé orúkọ kò ná ìjọba ní owó ńlá: orúkọ, nọ́mbà fóònù, àìsàn, ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá, àti ẹni tí yóò máa pè é lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọsibítù tí kò bá ní ìyẹn kò lè mọ ẹni tó kú sílé àti ẹni tó lọ sọ́dọ̀ alágbo.

Àwọn tó ń ka tiwọn rí ohun tó dé bá wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejì ọdún 2020, 1,613 ni àwọn tó ti dúró ju ọ̀sẹ̀ 52 lọ fún ìtọ́jú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n ti di 436,127. Gbogbo ìwé orúkọ náà wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 kí àrùn náà tó dé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló ga jù, ó di mílíọ̀nù 7.77. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń retí ọ̀bẹ, àwọn kan ń retí àyẹ̀wò, ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, kì í ṣe kòrónà nìkan la máa bi léèrè: ìlérí NHS pé 92 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn kò ní dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ, oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n ti mú un ṣẹ gbẹ̀yìn. Ọsibítù ńlá tí wọ́n kọ́ wàràwàrà sínú gbọ̀ngàn ExCeL ní London, tí wọ́n ní yóò gba 4,000 èèyàn, kò tọ́jú ju 54 lọ ní ìgbì àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀dì ti wà, òṣìṣẹ́ ni kò sí.

Àwọn elétò ìlera rí ẹ̀kọ́ díẹ̀ kọ́ ṣá. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ abẹ lọ sílẹ̀ dé bí ìdajì ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbì ńlá mìíràn dé ní ìparí ọdún 2020, kò lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí àyẹ̀wò ti wà, wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya aláìsàn sọ́tọ̀. Ìwádìí CovidSurg mìíràn, lára àwọn aláìsàn 140,231 ní orílẹ̀-èdè 116, fi hàn pé ẹni tó bá ti ní kòrónà, tó bá lè dúró, kó fi ọ̀sẹ̀ méje sí i kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní Epsom, lẹ́bàá London, ilé ìtọ́jú kan ti wà láti ọdún 2004 tó jẹ́ pé iṣẹ́ eegun nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni NHS ń kọ́ kiri báyìí, kí pàjáwìrì má baà máa gba bẹ́ẹ̀dì mọ́ ẹni tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún lọ́wọ́. Àwọn dókítà akunnilóorun náà ń sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí àkókò ìdúró lọ lásán: kí onísìgá fi í sílẹ̀, kí wọ́n fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ní oògùn ayíron, kí wọ́n mú ìtọ̀ ṣúgà wálẹ̀, kí ẹni tó bá ṣì lè rìn máa rìn.

Àmọ́ ilé tuntun kì í ṣiṣẹ́ abẹ. Àwọn dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà lórí ìwé ìgbìmọ̀ dókítà ní UK ti lé ní 10,000, a kò tíì sọ ti nọ́ọ̀sì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lọ fa òṣìṣẹ́ ìlera wọn jáde, UK sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wáṣẹ́ lọ síbẹ̀ kò lẹ́bi, ta ni yóò sì dá a dúró, pẹ̀lú owó oṣù tí wọ́n ń san fún un nílé? Àwọn ọwọ́ tó ń dín ìwé orúkọ kù ní London wà lára àwọn tí tíátà kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ń wá láti kun èèyàn lóorun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí kò rí wọn, tó fi tún ń ní kí aláìsàn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.